Ilé alámọ̀ àtijọ́ tí a fẹ́ tún ṣe: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Onílé_Àtijọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú àti níta nígbà tó yá. Ògiri yàrá méjì ń rin: láti ilẹ̀ dé nǹkan bíi mítà kan, ọ̀dà ń bó, iyọ̀ funfun sì ń hù jáde lára rẹ̀. Ògiri là láti igun fèrèsé kan, ó dagẹ̀rẹ̀ lọ sókè. Òrùlé ń jò. Wáyà iná ti pẹ́ gan-an, kò sì sí wáyà tó wọ ilẹ̀ (earth) nínú wọn. Bíríkìlà ní ká ha ògiri, ká fi sìmẹ́ńtì tó le rẹ́ ẹ, ká wá fi ọ̀dà tí omi kì í wọ̀ kùn ún. Ṣé ká gbà fún un?

Àgbà_Bíríkìlà:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un. Ohun tó ń pa ilé alámọ̀ gan-an ló fẹ́ tún ṣe sí i. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì fà á gbẹ lára rẹ̀. Tí sìmẹ́ńtì bá ti bò ó, omi ò rọ́nà jáde mọ́, á máa gòkè nínú ògiri títí á fi rí ibi tó ti lè yọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rinrin fi sábà máa ń ga sí i lẹ́yìn irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ tí ẹ rí yẹn, omi ló gbé e wá. Bí omi ṣe ń gbẹ ni iyọ̀ ń dì lẹ́yìn ọ̀dà, òun ló ń tì í bó. Ẹ fi ìka kan sìmẹ́ńtì náà kó kó. Níbi tó bá ti dún bí ohun tó ṣófo, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jáde síta ná. Ilẹ̀ ìta gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ inú ilé. Lára ilé àtijọ́, iyẹ̀pẹ̀ àti kọnkéré tí wọ́n ti ń dà síta láti ọdún pípẹ́ sábà máa ń ga ju inú ilé lọ, omi á wá jókòó ti ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ gbẹ́ ẹ kúrò, kí ilẹ̀ náà sì dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé, sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Omi òrùlé kò gbọ́dọ̀ máa já sí ẹsẹ̀ ògiri rárá.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá rọra fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ha sìmẹ́ńtì náà, kó kọjá ibi tí ọ̀rinrin dé ní ìdajì mítà. Ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń gbọn ògiri. Ẹ wá fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú nìyí. Ìṣirò tí akọ́lé ń lò ni oṣù kan fún ìnípọn sẹ̀ǹtímítà 2.5, nítorí náà ògiri tó nípọn lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Tó bá gbẹ, amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ: amọ̀ ìwọ̀n 1, yanrìn ìwọ̀n 2 sí 3, pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ kó má baà là. Tàbí kí ẹ lo lime (ẹfun ìkọ́lé tí wọ́n fi òkúta sísun ṣe) ìwọ̀n 1 sí yanrìn ìwọ̀n 3. Kí ìpele kan má nípọn ju mìlímítà 10 lọ.

Ọmọ_Káfíńtà:
Òótọ́ lẹ sọ, sà, ṣùgbọ́n òrùlé ni kó ṣíwájú. Ògiri ò lè gbẹ lábẹ́ òrùlé tó ń jò. Ẹ rántí pé ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ihò wà. Omi máa ń tọ ara igi sọ̀kalẹ̀ kó tó já. Ẹ gun òkè àjà lọ́sàn-án, ẹ pa iná, ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ẹ fi screwdriver gún igi kọ̀ọ̀kan, pàápàá orí tó jókòó sórí ògiri, ibẹ̀ ni ikán àti ìjẹrà máa ń fẹ́ràn. Tó bá wọlé wẹ́rẹ́, igi yẹn ti tán. Ẹ gé èyí tó jẹrà kúrò títí dé ibi tó dára, kí ẹ fi igi tó bá a dọ́gba tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí méjèèjì fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 60 bo ara wọn, kí ẹ sì fi bóòtù dè é. Ìṣó nìkan ò tó.

Bó bá jẹ́ asbestos ni wọ́n fi bo ilé náà, ẹ má gé e, ẹ má lù ú, ẹ má gbá ekuru rẹ̀. Ekuru yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kó tú u.

Ẹnjiníà_Ilé:
Lórí ibi tó là: ẹ má dí i báyìí. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ níbi mẹ́ta, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Èyí tí kò tó mìlímítà 1, tí kò sì fẹ̀ sí i, kò léwu. Tó bá ju mìlímítà 5 lọ, tàbí tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan yọ síta, ẹ pe ẹnjiníà. Ó ṣeé ṣe kí ìpìlẹ̀ igun yẹn máa rì. Páìpù omi ìdọ̀tí tó bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ sì wà lára ohun tó ń fa èyí. Ẹ dí ìsàlẹ̀ páìpù náà, ẹ pọnmi kún un, ẹ wò ó bóyá omi á fà.

Onílé_Àtijọ́:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Sìmẹ́ńtì ìta ńkọ́? Ṣé ká ha gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Àgbà_Bíríkìlà:
Rárá o. Bí ẹsẹ̀ ògiri bá ti rọ̀, ó lè jẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn ló ṣì ń gbá a mú. Ẹ ha á ní mítà kan mítà kan, kí ẹ tún ti ibẹ̀ ṣe kó le kí ẹ tó sún síwájú.

Oníná:
Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́ ògiri, ẹ pààrọ̀ wáyà. Rọ́bà ara wáyà àtijọ́ máa ń gbẹ, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, á fọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kàn fi sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu mẹ́ta rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ láìfa wáyà tó wọ ilẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé ààbò wà níbẹ̀. Wáyà 1.5 mm² fún gílóòbù, 2.5 mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú RCD (ẹ̀rọ tó ń pa iná fúnra rẹ̀ tí iná bá ń jò) tó ń já ní 30 mA. Nínú ògiri amọ̀, ẹ má gbẹ́ ihò jíjìn fún wáyà, ẹ jẹ́ kí páìpù rẹ̀ wà lórí ògiri, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ga ju ibi tí ọ̀rinrin dé lọ. Èyí tó bá máa wà lábẹ́ amọ̀, ẹ gbé téèpù ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó.