Ẹ̀jẹ̀ ti padà sára, kí ló tún ń dí ìfun lọ́wọ́?

Ẹ̀yin oníṣègùn ilé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà lára èèyàn gan-an, ara á dín ti ìfun kù kí ọkàn àti ọpọlọ lè rí tiwọn. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ padà sípò, síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn dáadáa nínú ìfun! Mo mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, pàápàá neutrophil, irú èyí tó máa ń bá kòkòrò àrùn jà, máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Ṣé ọ̀nà tí wọ́n dí ló burú jù, àbí oró tí wọ́n ń tú sára ògiri náà? Bí a bá sì fi oògùn dènà lílẹ̀ yẹn, ta ni yóò bá kòkòrò àrùn jà?