Abẹ́rẹ́ ṣegede wo ló ń dáàbò bo ọmọ jù nígbà tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀?

Olùkọ́ Kétu
Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ṣegede bá wọ ilé ẹ̀kọ́, tó wá jẹ́ pé àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, ṣé abẹ́rẹ́ ọ̀hún ò ṣiṣẹ́ nìyẹn? Irú èwo ló dáa jù? Ṣé a lè fún àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́
Olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ RR tí ìjọba Benin ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ṣegede nínú: èéyi àti rubéole (àrùn kan tó jọ èéyi) nìkan ni. ROR ló ní in. O àárín yẹn ni oreillons, ìyẹn ṣegede lédè Faransé, òbí ló sì ń fowó ara rẹ̀ rà á nílé oògùn. Bí ẹ bá ka ọmọ RR mọ́ àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ṣegede, ìṣirò yín ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ó ti gbà á" tí ìyá ọmọ fẹnu sọ kò tó.

Onísirò Ṣábẹ
Ẹ má ka orí aláìsàn lásán. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ 200: 160 gba ROR, 40 ò gbà. 24 ṣàìsàn nínú àwọn 160, ìyẹn 15 nínú ọgọ́rùn-ún. 20 ṣàìsàn nínú àwọn 40, ìyẹn 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ yọ 15 nínú 50, ó ku 35. Ẹ fi 50 pín 35. Abẹ́rẹ́ náà gba 70 sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ì bá ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ 24 ju 20 lọ! Ibẹ̀ ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Ní ti irú rẹ̀, kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é ló yàtọ̀. Jeryl Lynn: bí ọmọ bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, ààbò rẹ̀ tó nǹkan bíi 78 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì, 88. Ìdílé kan náà ni RIT 4385 inú Priorix, ROR kan tí wọ́n ń tà. Urabe ń dáàbò bo ọmọ dáadáa, àmọ́ ó ń mú kí awọ ọpọlọ àwọn ọmọ kan wú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì pa á tì ní 1992. Rubini ni kẹ́ ẹ sá fún: nígbà tí ṣegede jà ní Switzerland, àwọn tó gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ẹni tí ò gba nǹkan kan. Ìwé pélébé inú páálí ni orúkọ kòkòrò náà máa ń wà, kì í ṣe iwájú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́
Ẹ fún wọn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gba ẹni tó ti kó o sílẹ̀. Ọjọ́ 16 sí 18 ni àrùn náà sábà máa ń fara pamọ́, ó lè tó 25. Nítorí náà, ọmọ tó gbà á lónìí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má kọ ọ́ sí ọrùn abẹ́rẹ́.

Inú fìríìjì tó wà ní ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius ni kí abẹ́rẹ́ náà wà. Omi tiẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi pò ó. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn rí i. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó kéré tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Aláboyún ò gbọdọ̀ gbà á. Ọmọ tó wú, kó jókòó sílé fún ọjọ́ 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń kó o ran ẹlòmíràn ní bí ọjọ́ méjì kó tó wú.

Olùkọ́ Kétu
Ẹ ṣé gan-an. Èyí tí ìwé rẹ̀ sọnù ńkọ́?

Onísirò Ṣábẹ
Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò pátápátá.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́
Ṣùgbọ́n ẹ fún un lábẹ́rẹ́ bí ẹni tí ò gbà rí. Bó bá ti gbà á tẹ́lẹ̀, kò ní pa á lára.