Ogún pọ́n-ùn, máṣíìnì kan, àti àwòrán ara ògiri

Ọmọ Kánò:
Ẹ̀yin ará, ta ló mọ ohun tí ojú àwọn ọmọ Ìgbò rí lẹ́yìn ogun Biafra lọ́dọ̀ wa lókè Ọya níbí? Ẹ jẹ́ kí n ti ẹnu tèmi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Sabon Gari ní Kánò la ń gbé. Nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ọmọ Ìgbò ní 1966, télọ̀ tó kọjú sí wa gbé máṣíìnì rẹ̀ ti bàbá mi, ó sá lọ lóru. Bàbá fi àpò ìrẹsì wé e, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan, mo jẹgba.

January 1970 ni ogun parí. Nígbà tí télọ̀ padà dé, n kò dá a mọ̀. Okùn ló fi so ṣòkòtò mọ́dìí. Ìyá mi gbé àmàlà kalẹ̀, kò wò ó. Ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú àpò, ó kán ọ́ìlì sí i, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Ó ní owó Biafra tóun kó lọ sí báǹkì, bó ti pọ̀ tó yẹn, £20 ni wọ́n kà fóun. Bẹ́ẹ̀, Gowon, olórí ìjọba ológun nígbà náà, ti wí pé kò sẹ́ni tó borí, kò sẹ́ni tí wọ́n borí! Bàbá mi dákẹ́. Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ìjọba náà, àwòrán rẹ̀ sì rèé lára ògiri wa. Télọ̀ wò ó, ó gbójú kúrò.

Ìyá Ìbejì, Kàdúná:
Ẹ̀gbọ́n, ti iyọ̀ ni mo rí. Ìyá mi ní kí aládùúgbò wa tó ti Ìlà-Oòrùn dé mú ohun tó bá wù ú ní ṣọ́ọ̀bù. Iyọ̀ ló bù sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń lá a bí ẹni ń lá ṣúgà.

Ará Ọ̀fà, Àbújá:
Ọmọ Ìgbò ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Wuse. Ilé bàbá rẹ̀ ní Port Harcourt, wọ́n ní ilé tí onílé pa tì ni, ó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá ní kí ọmọ Nàìjíríà máa ra ìpín ilé-iṣẹ́ òyìnbó ní 1972, £20 ti di gàrí, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n, àwòrán yẹn wá ńkọ́?

Ọmọ Kánò:
Kò kúrò níbẹ̀ o, àbúrò. Àmọ́ tí télọ̀ bá ti ń bọ̀ wá kí wa, bàbá mi á sáré fi kàlẹ́ńdà bò ó.