Férémù fún obìnrin tó ga ní 147 cm: ẹ bá mi yẹ àwòrán yìí wò

Férémù_Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Wẹ́ẹ̀dà kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ṣe kẹ̀kẹ́ eré ìje onírin fún obìnrin tó ga ní 147 cm. Abẹ́ rẹ̀ dé ilẹ̀ jẹ́ 66 cm, bàtà rẹ̀ 36, kò wúwo ju 45 kg. Ìbàdàn ni yóò ti máa gùn ún. Àwòrán tó fi ránṣẹ́ ní táyà 700 × 32, crank (apá irin tí pẹ́dà so mọ́) 165 mm, páìpù ìjókòó 76°. Páìpù òkè kúrú dáadáa lórí ìwé. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó san àsansílẹ̀?

Táyà559: Ẹ má tíì sanwó. Táyà 700 yẹn ló máa ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ bá mi ṣírò: láti àárín táyà dé etí rẹ̀ jẹ́ 343 mm; crank, 165; orí bàtà yọ síwájú pẹ́dà ní bíi 90. Ó di 598. Bẹ́ẹ̀, láti BB (ibi tí crank ti ń yí nínú férémù) dé àárín táyà iwájú, agbára káká ni férémù tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu fi máa tó 540. Bó bá ń rọra yí po nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, bàtà á kọ lu táyà, ó di ilẹ̀. Lórí eré kì í ṣẹlẹ̀, torí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kì í yí tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo 650B, táyà tó kéré díẹ̀ sí 700. Ẹ má dá wọn lóhùn: pẹ̀lú táyà 38, ó ṣì jẹ́ 330. 650C (ríìmù 571 mm) dáa, ṣùgbọ́n ta ló ń ta táyà rẹ̀ ní Ìbàdàn? Georgena Terry, tó ṣe kẹ̀kẹ́ fún obìnrin ní Amẹ́ríkà, fi táyà 24 síwájú, 700 sẹ́yìn, ó sì ṣiṣẹ́, àfi pé oríṣi túùbù méjì lẹ máa gbé dání.

Ríìmù 559 mm, ìyẹn 26 tí kẹ̀kẹ́ orí òkè (MTB) ń lò, ni kí ẹ mú. Pẹ̀lú 26 × 1.25 ó di 311. Kí fọ́ọ̀kì (irin tó di táyà iwájú mú) fi àyè sílẹ̀ fún 26 × 1.75, nítorí lọ́jọ́ tí táyà bá ya, táyà MTB lẹ máa rí rà. Bíréèkì disc (tó ń di àwo irin mú, kì í ṣe ríìmù) oníwáyà ni kí ẹ fi sí i.

Igun_àti_Irin: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 76° gan-an ni ẹ̀tàn inú àwòrán yẹn. Ìjókòó rẹ̀ máa ga tó 58 cm sí BB (66 × 0.883). Níbẹ̀, dígírì kan ń sún ìjókòó síwájú ní bíi 1 cm. Ẹ bá fà á padà síbi tí orúnkún fẹ́, kíkúrú orí ìwé ti wábi gbà. Reach (bí òkè páìpù orí ṣe jìnnà síwájú BB) àti stack (bó ṣe ga ju BB lọ) ni kí ẹ béèrè, ẹ fi páìpù òkè sílẹ̀.

Ohun tí màá fún un: reach 345, stack 480, páìpù ìjókòó 73.5°, páìpù orí 71°, rake (bí fọ́ọ̀kì ṣe gbé àárín táyà yọ síwájú) 50, BB 50 mm nísàlẹ̀ àárín táyà. Trail (bí ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ṣe wà lẹ́yìn ibi tí ìlà páìpù orí bá ilẹ̀) á jẹ́ 54, BB sí àárín táyà iwájú á jẹ́ 548. Bó bá fi fọ́ọ̀kì rake 43 sí i, trail á lọ sí 62, ẹsẹ̀ á sì tún fi 7 mm sún mọ́ táyà.

Ẹ bi í léèrè páìpù pẹ̀lú. Fún 45 kg, òkè 25.4 mm, ìsàlẹ̀ 28.6, kí irin rẹ̀ nípọn 0.7/0.4/0.7 mm (orí, àárín, orí kejì), ó tó. Páìpù ńlá kò ní rọ̀ fún un rárá, gbogbo kòtò ló máa dé ẹ̀yìn rẹ̀.

Férémù_Ìbàdàn: Ẹ ṣeun gan-an. Crank ńkọ́? 160 ni mò ń rí.

Ihò_Tuntun: 150 ló yẹ ẹ́. Ẹ ra 170 aluminiọ́mù tí inú rẹ̀ kò ní ihò (kì í ṣe Hollowtech, kì í ṣe carbon), kí ẹ̀rọ lu ihò tuntun fún pẹ́dà, 9/16 × 20 (fífẹ̀ ní ínṣì, eyín síkúrù nínú ínṣì kan). Ti òsì, òdìkejì ló ń yí; ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé. Irin 5.7 mm á kù láàárín ihò méjèèjì. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ láti 160: ihò tuntun á wọ inú ti àtijọ́.

Ṣéènì-ríìngì 46/30 tó fún un. Táyà kékeré ti fa gíà wálẹ̀ ní bíi 9%, síbẹ̀ 46 níwájú pẹ̀lú 11 lẹ́yìn, ní 90 rpm (kí ẹsẹ̀ yí po nígbà 90 ní ìṣẹ́jú kan), ṣì jẹ́ 44 km/h. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ 36 cm, tí kò yọ síwájú (reach tirẹ̀) ju 70 mm. Kí ẹ fi síkúrù inú STI (líbà tó ń ṣe bíréèkì àti gíà pọ̀) fa líbà bíréèkì súnmọ́ ìka rẹ̀ kí ẹ tó so wáyà. Bẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́yìn, ẹ máa tún wáyà fà.