Ìtẹ́lọ́rùn, bálánsì, ìráyè: ọ̀rọ̀ wo ló gbẹ́rù fún ẹlẹ́rù?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka èsì yín sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ifẹ̀ yẹn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ kò gba gbogbo ọjọ́ mọ́ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ máa ń wù jù, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò fi pe "job satisfaction" àti "work-life balance" nínú ìwé ìbéèrè rẹ̀. Ẹnì kan ní kó kọ "ìtẹ́lọ́rùn nínú iṣẹ́" àti "ìwọ̀ntúnwọ̀nsì iṣẹ́ àti ìgbé ayé". Ẹlòmíì ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, kó kọ "bálánsì".

Ti bálánsì kò ṣòro láti dá lóhùn: kò bá a mu. Ní Ọjà Àtakúnmọ́sà, ní Iléṣà wa níbí, owó tó kù lọ́wọ́ ẹni tó tajà fúnni ni bálánsì. Ẹ bi òṣìṣẹ́ nípa bálánsì iṣẹ́ rẹ̀, owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́ ni yóò máa kà fún yín.

Ìtẹ́lọ́rùn ló ká mi lára. Ìwà ni ìtẹ́lọ́rùn. À ń fi gbàdúrà, à ń fi kọ́ ọmọ, ẹni tí kò bá sì ní in, olójúkòkòrò la ń pè é. Bí ẹ bá wá bi èèyàn pé ṣé ó ní ìtẹ́lọ́rùn nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìwà rẹ̀ lẹ ń yẹ̀ wò, ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ iṣẹ́ náà rárá. Ṣùgbọ́n ẹ dá ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn padà sí ọ̀rọ̀ ìṣe: "Ṣé iṣẹ́ yìí tẹ́ yín lọ́rùn?" Iṣẹ́ ti di olùwà gbólóhùn; òun ló wá ń jẹ́jọ́.

Mo dán an wò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé ni, bàtà funfun ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, oorun sì ń kùn wọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ní ìtẹ́lọ́rùn nínú iṣẹ́ yín?" Wọ́n ní, "Mo ní in o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa." Mo jẹ́ kí wọ́n ṣà á díẹ̀ sí i, mo wá ní, "Ṣé iṣẹ́ náà tẹ́ yín lọ́rùn?" Ọwọ́ wọn dúró lórí àtẹ. "Tẹ́ mi lọ́rùn báwo? Iṣẹ́ yìí wù mí, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ó ti ń sú mi. Mi ò ráyè gbọ́ tilé mọ́."

Frederick Herzberg, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí kọ ọ́ ní 1959 pé ohun tó ń mú iṣẹ́ súni yàtọ̀ sí ohun tó ń mú un wuni. Owó, ìlànà ilé iṣẹ́ àti ipò tí a ti ń ṣiṣẹ́ lè mú kó súni. Àṣeyọrí, ìyìn àti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń mú un wuni. Ẹ̀gbọ́n mi sọ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá kó wọn sábẹ́ "ìtẹ́lọ́rùn" kan ṣoṣo, "mo dúpẹ́" ni yóò máa kà lórí ìwé.

Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi náà ni mo ti rí ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí yóò rọ́pò bálánsì. "Àìráyè" ti wà lẹ́nu gbogbo wa, kò sí ohun tó ní ká má lo "ìráyè". Ṣùgbọ́n ìráyè nìkan kò tó. Àwọn olùwádìí méjì, Greenhaus àti Beutell, pín ìjà iṣẹ́ àti ilé sí ọ̀nà mẹ́ta ní 1985: àkókò tí kò tó, wàhálà tó tẹ̀ lé èèyàn délé, àti ìṣe tó bá ibi iṣẹ́ mu ṣùgbọ́n tí kò bá ilé mu. Èèyàn lè wà nílé látàárọ̀ kó má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, mo dá a lábàá pé ká lo "ìráyè-gbọ́-tilé".

Mo mọ̀ pé ó gùn. Ṣebí gbólóhùn odidi ni òṣómàáló náà, ohun tí àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń tajà àwìn máa ń sọ lójú onígbèsè láyé àtijọ́: òṣó ni màá ló gbowó mi. Ẹnu iṣẹ́ ló ti wá, ó sì di orúkọ wọn.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ńkọ́? Àìsàn ìtẹ́lọ́rùn ló ń ṣe òun náà: ẹni tó ń jẹun tàbí tó ń mutí là ń sọ fún pé kó ṣe é níwọ̀ntúnwọ̀nsì; ìwà ẹni ló ń bá wí, kì í ṣe iṣẹ́. Ní 1919, nígbà tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé (ILO) ṣe àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́, wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n fún àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọn ò ní kí òṣìṣẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀wọ̀n ara ẹni. Iṣẹ́ gan-an ni wọ́n pààlà sí.

Mo gbà pé "ilé" lè dún létí ẹlòmíì bíi ti tọkọtaya nìkan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó gba ẹgbẹ́, ìjọ àti oorun ẹni mọ́ra, kó jọ̀wọ́ mú un wá.

Ní tèmi, mẹ́ta ni màá fi rọ́pò ìbéèrè kan tó wà nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ náà: Ṣé iṣẹ́ yín ń wù yín? Ṣé ó ń sú yín? Ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ ráyè gbọ́ tilé?