Ìdíje drone nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́: kí ló yẹ ká múra sílẹ̀ fún?

Olùkọ́ Físíìsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ẹ̀kọ́ girama mẹ́jọ ló ń bọ̀ wá díje lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tello, drone kékeré kan tó ń fi abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin fò, tí a sì ń fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà darí, ni gbogbo wọn ń lò. Apá méjì ni ìdíje náà ní: nínú èkíní, ọmọ á fọwọ́ darí drone gba inú férémù kọjá, nínú èkejì, kóòdù tí wọ́n fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ni drone á máa tẹ̀ lé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbìyànjú apá kọ̀ọ̀kan. Gbọ̀ngàn wa gùn tó mítà 20, ó fẹ̀ tó 12, táìlì funfun ló wà nílẹ̀. Iná ìjọba ò dá wa lójú. Kí ló sábà máa ń ba irú ètò yìí jẹ́?

Aṣètò Pápá

Táìlì funfun yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Kámẹ́rà kékeré tó wà lábẹ́ Tello ló fi ń mọ̀ pé òun dúró lójú kan. Ilẹ̀ tó ń dán, ilẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo, tàbí èyí tí àwòrán kan náà ń tún ara rẹ̀ ṣe bíi ti táìlì, máa ń da kámẹ́rà yẹn lójú rú. Drone á wá máa sún lọ fúnra rẹ̀, ọmọ á sì rò pé ọwọ́ òun ni kò mọ́. Ẹ wá ankara àlòkù tí àwòrán wọn ò jọra, ẹ tẹ́ ẹ sí gbogbo ọ̀nà tí drone máa gbà, kí ẹ fi téèpù lẹ etí wọn mọ́lẹ̀ dáadáa, torí afẹ́fẹ́ láti ara drone lè gbé aṣọ náà dìde. Ẹ tan gbogbo iná, ẹ fa kọ́tìnì níbi tí oòrùn bá ti ń ta sílẹ̀, kí ẹ sì pa gbogbo fáànù òkè. Tello ò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 80 lọ. Atẹ́gùn fáànù á gbá a kúrò lọ́nà.

Páìpù PVC tí àwọn oníṣẹ́ iná ń rì sínú ògiri ni kí ẹ fi ṣe férémù. Mítà kan ní ìbú àti òró fún ìpele àkọ́kọ́, sẹ̀ǹtímítà 70 fún àṣekágbá. Ẹ ri ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó kún fún yanrìn. Láàárín pápá àti àwọn òǹwòran, ẹ fa àwọ̀n ẹja láti òkè dé ilẹ̀, kí ojú rẹ̀ má fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú àwọ̀n gbọ́dọ̀ wọ awò ìdáàbòbò ojú, olùkọ́ tàbí adájọ́ ì báà jẹ́.

Ìyá Robotics

Òótọ́ ni ti ilẹ̀, àmọ́ Wi-Fi ló máa ń da nǹkan rú jù. Tello kọ̀ọ̀kan ń gbé Wi-Fi tirẹ̀ jáde lórí ìgbì rédíò 2.4 GHz, kò sì ní password nígbà tó ṣì tuntun. Bí mẹ́jọ bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ kan lè so fóònù rẹ̀ mọ́ drone ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kó sì gbé e fò, láìmọ̀. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn àti password sí i kí wọ́n tó kúrò nílé. Lọ́jọ́ náà, drone tó wà lórí pápá nìkan ló gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ bẹ àwọn òǹwòran kí wọ́n pa hotspot fóònù wọn, kí ẹ sì tún un sọ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Fóònù tí ọmọ fi ń darí, kó pa data rẹ̀: Wi-Fi Tello ò ní íńtánẹ́ẹ̀tì nínú, fóònù mìíràn á sì fi í sílẹ̀ lójijì, á sá padà sórí data.

Ẹ pín gbọ̀ngàn yín sí pápá méjì. Ìgbà 32 ni fífò máa jẹ́. Tí ìkọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 8 pẹ̀lú ìmúrasílẹ̀, pápá kan á gbà yín ju wákàtí mẹ́rin lọ. Pẹ̀lú méjì, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni.

Bátìrì wá ńkọ́? Ìṣẹ́jú 13 ni wọ́n kọ sára páálí. Ìṣẹ́jú 8 ni kí ẹ fọkàn sí. Bátìrì kíkún kan fún fífò kan, mẹ́rin fún ẹgbẹ́ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ láti kún, torí náà tí ẹgbẹ́ kan bá ń fi inú drone gba iná sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́fà ni. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, kí iná ìjọba má bàa di wàhálà yín. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó gba iná sí i. Èyí tó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́ rárá. Ẹ gbé garawa yanrìn gbígbẹ sẹ́bàá tábìlì bátìrì, kí àgbàlagbà kan má sì kúrò níbẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Robotics. Ohun kan ṣì ń dà wá láàmú: kóòdù àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àmọ́ drone á kàn balẹ̀ láàárín ọ̀nà. Báwo la sì ṣe máa pín máàkì?

Kóòdù Nílé

Bí Tello ò bá gbọ́ àṣẹ kankan fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ṣe ló máa balẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wá sleep gígùn, ìyẹn àṣẹ tó ń dá kóòdù dúró fún ìgbà díẹ̀, nínú kóòdù wọn. Tó bá pọn dandan kó dúró lójú kan, kí wọ́n máa fi `battery?`, àṣẹ tó ń béèrè iye bátìrì tó kù, ránṣẹ́ sí i ní àáyá márùn-ún márùn-ún. Ẹ tún wo iye bátìrì tó ń dá padà, torí bátìrì tó ti lọ sílẹ̀ náà máa ń mú un balẹ̀.

`forward`, àṣẹ tó ń mú drone lọ síwájú, kò gba ohun tó kéré sí 20 tàbí tó ju 500 lọ, sẹ̀ǹtímítà ló sì ń kà. Ọmọ tó kọ `forward 15` á gba error, drone ò ní kúrò lójú kan, àwọn àṣẹ tó kù á sì máa bá a lọ láti ibi tí kò tọ́. Kí wọ́n máa ka èsì àṣẹ kọ̀ọ̀kan: tí kì í bá ṣe `ok`, kí kóòdù mú drone balẹ̀.

Kí wọ́n ti fi djitellopy, àkójọ kóòdù tí Python fi ń bá Tello sọ̀rọ̀, sórí kọ̀ǹpútà nílé, torí tí wọ́n bá ti so mọ́ drone, íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn. Lórí Windows, firewall, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ inú kọ̀ǹpútà, lè dí èsì drone lọ́nà. Ẹ gba Python láyè nínú rẹ̀ ṣáájú.

Aṣètò Pápá

Ti máàkì: 10 fún férémù tó bá gbà kọjá láìfara kàn án, 5 tó bá fara kàn án, 15 tó bá balẹ̀ sínú àmì róbótó oní sẹ̀ǹtímítà 60. Tó bá já lulẹ̀, ìgbìyànjú yẹn parí, àmọ́ máàkì tó ti gbà dúró. Ẹ fi máàkì kún un fún ẹni tó bá yára.

Ìyá Robotics

Mi ò fara mọ́ ìyára yẹn, Aṣètò. Tí máàkì bá ti wà fún un, àwọn ọmọ á máa sáré kọlu férémù, ẹgbẹ́ tí kò lówó abẹ̀bẹ̀ drone míì á sì jáde kúrò nínú ìdíje ní kùtùkùtù. Àkókò ò gbọ́dọ̀ ju ohun tí a fi ń ya àwọn tó bá gba iye kan náà lọ. Ẹ fún ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ní máàkì dípò rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n fò, ohun tó bàjẹ́, àtúnṣe tí wọ́n ṣe.

Kóòdù Nílé

Mo wà lẹ́yìn Ìyá Robotics lórí èyí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ gbé e bọ́ sí pápá bọ́ọ̀lù. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò wọ̀ ọ́, pápá ọkọ̀ òfurufú sì wà ní Alákíà, n'Íbàdàn yín níbẹ̀. Inú gbọ̀ngàn ni kí ẹ wà.

Aṣètò Pápá

Ó dáa, mo gbà: ìyára kúrò. Ní ti ìgbaradì, ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣìnà ni ìgbà tí drone bá kọjú sí wọn, torí òsì á di ọ̀tún. Kí wọ́n kọ́kọ́ fò ní igun mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀yìn drone sọ́dọ̀ wọn, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀, kó tó kan fífò bí òǹkà 8. Kí wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ àfipààrọ̀ mẹ́rin dání, ó kéré tán. Oríṣi méjì ni, èyí tó ní àmì àti èyí tí kò ní. Àwọn méjì tó bára mu ló ń wà ní igun tó dojú kọ ara wọn. Tí wọ́n bá gbé e síbi tí kò tọ́, ṣe ni drone máa dojú dé níbi tó ti fẹ́ gbéra.