Kẹ̀kẹ́ ológeere láti Yábà dé Marínà: ọ̀nà, táyà, afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́

Ará Yábà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè pọ̀ lórí ọ̀nà tí èèyàn lè fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbà láti wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Èkó, láìsáré, láìbá ẹnikẹ́ni díje. Èyí tí mo fọwọ́ sí rè é. Ẹ gbéra ní Yábà, ẹ gba Murtala Muhammed Way kọjá Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ẹ dé Òyìngbò, ẹ bọ́ sí Ìddó, ẹ gun Carter Bridge, ẹ já sí Ìdúmọ̀tà. Nnamdi Azikiwe Street á gbé yín dé Tinúbú, ibẹ̀ lẹ ó ti yà sí Broad Street àti Marínà. Àlọ àtàbọ̀, pẹ̀lú yíyípo inú Erékùṣù Èkó, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 20 lọ. Ẹni tó bá rọra ń wà á lè lo wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, torí ìdúró ló máa pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ọlidé ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ gbéra bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́. Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ Sátidé? Ẹ má dán an wò. Láàárín alábàárù, ọmọlanke àti dánfó tó ń wá èrò, kẹ̀kẹ́ yín á kàn di ẹrù tí ẹ̀ ń tì kiri.

Ohun kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í kà sí. Ilẹ̀ Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ, afárá nìkan lòkè tí ẹ máa rí. Wọ́n á ní ó rọrùn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ olókè á gùn ún, á sì sọ̀ kalẹ̀, nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ á sinmi. Nílẹ̀ títẹ́, kò sí ìsọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ò dúró, ìdí ò kúrò lórí ìjókòó. Ìdí ló máa kọ́kọ́ fìyà jẹ yín, kì í ṣe ẹsẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ẹ sún pẹ́dàlì kan lọ ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi gìgísẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Tí orúnkún bá ṣì tẹ̀, ìjókòó ti rẹlẹ̀ jù, orúnkún ló máa dùn yín kẹ́ ẹ tó dé Ìddó. Tí ìdí bá ń yí sọ́tùn-ún sósì bẹ́ ẹ ṣe ń wà á, ó ti ga jù. Lójú ọ̀nà, ẹ máa dìde dúró lórí pẹ́dàlì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lóòrèkóòrè, kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn.

Ará Ìkòyí

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ti afẹ́fẹ́ kún un, torí kì í ṣe mọ́tò nìkan ló jẹ́ ká máa sọ pé kẹ́ ẹ tètè jáde. Láàárọ̀ kùtù, afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ní Èkó. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, nǹkan bí aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, afẹ́fẹ́ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, á sì máa le sí i títí di ọ̀sán. Ẹni tó ti Yábà lọ Erékùṣù láàárọ̀ ń lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, nígbà tó bá sì ń bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á wà. Àwa tí ilé wa wà lápá òkun la máa ń kàn án lójú nígbà àbọ̀. Ẹ̀yin ará ìhà tiwa, ẹ rí i pé ẹ ti padà sílé kó tó di aago mẹ́wàá.

Lórí Carter Bridge, kò sí ilé tó máa dí afẹ́fẹ́. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sí Ìdúmọ̀tà, ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń wá, ó sì ń tì yín sáàárín títì, síbi tí mọ́tò wà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di kẹ̀kẹ́ mú, ẹ má gbé báàgì fífẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan béèrè nípa Third Mainland Bridge torí pé ọ̀sà rẹwà láti orí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ó gùn ju kìlómítà 11 lọ, eré tí mọ́tò ń sá níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́, tí táyà bá sì jò láàárín, ó jìnnà kẹ́ ẹ tó kan ibi tẹ́ ẹ máa sọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ wo ọ̀sà dáadáa, kó lọ sí etí omi nínú Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, kó kọ́kọ́ béèrè lẹ́nu géètì bóyá wọ́n máa jẹ́ kó wọlé.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, Òyìngbò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti táyà, torí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà.

Táyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń díje kò yẹ ọ̀nà yìí. Tó bá jẹ́ táyà 26 (íǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n), ẹ wá èyí tó fẹ̀ tó 1.75 sí 2.0. Tó bá jẹ́ 700 (mìlímítà lèyí), ẹ lo 35 sí 40. Wọ́n kọ iye atẹ́gùn tó lè gbà sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ kà á, ẹ má sì fún un débẹ̀. Ẹni tó tó kílò 70 lórí táyà 1.95, 40 sí 45 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn) ti tó o, kí ti iwájú dín díẹ̀ sí ti ẹ̀yìn. Táyà tó le bí òkúta á máa fò lórí kòtò, á sì máa gbọn ọwọ́ yín. Èyí tó rọ̀ jù á jẹ́ kí ríìmù tẹ túúbù mọ́ etí kòtò. Tẹ́ ẹ bá rí ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára túúbù, ohun tó fà á nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ máa wá ìṣó.

Ní Èkó, kì í ṣe ìṣó ló ń dà wá láàmú jù. Wáyà inú táyà ọkọ̀ ńlá ni. Táyà tí wọ́n bá dáná sun lẹ́bàá títì, tàbí èyí tó bẹ́, wáyà inú rẹ̀ á fọ́n ká, ó tín-ín-rín débi pé ojú ò lè rí i. Ihò tó ń dá kéré, atẹ́gùn á máa lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rò pé póòǹpù ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ ó pààrọ̀ túúbù, lẹ́yìn kìlómítà kan, tuntun náà á jò, torí wáyà náà ṣì wà nínú táyà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rè é. Kẹ́ ẹ tó tú táyà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹnu túúbù wà lára rẹ̀. Ẹ yọ túúbù, ẹ fún un ní atẹ́gùn, ẹ gbé e sún mọ́ ètè yín, ètè tètè ń mọ atẹ́gùn ju ọwọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá ti rí ihò, ẹ gbé túúbù lé táyà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmì yẹn á fi ibi tí wáyà wà hàn yín. Ẹ má fi ọwọ́ lásán wá a. Ẹ fi òwú nu inú táyà yíká, ibi tó bá ti há ni wáyà wà. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré fà á jáde láti inú, torí láti ìta ẹ lè gé e kù síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi sán-pépà ha túúbù títí dídán rẹ̀ á fi lọ, ẹ fi sólúṣàn sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó fẹ̀ ju ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀ lọ. Ẹ dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà tí kò bá tàn mọ́, tí kò sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìka, ìgbà náà ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Àìdúró yìí ló ń jẹ́ kó tú.

Ti fọkanáísà. Wọ́n wà lójú ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn, ti mọ́tò ni. Tí ẹnu túúbù yín bá nípọn bíi ti mọ́tò, ó máa wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ èyí tín-ín-rín tó ní ìdè kékeré lórí, kò ní wọ̀ ọ́ àfi tẹ́ ẹ bá mú ìdérí onídẹ tí wọ́n ń dè mọ́ ọn dání. Owó tí wọ́n ń tà á kò tó nǹkan, ẹ so ọ̀kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ ní kí fọkanáísà máa fún un díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Atẹ́gùn tó kéré lójú táyà mọ́tò lè bẹ́ túúbù kẹ̀kẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kó tó kún, ẹ wo etí táyà yíká bóyá ó ti jókòó dáadáa sínú ríìmù.

Níbi tí irin ti so afárá pọ̀, ẹ gbé táyà kọjá ní òró, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ gbà á. Irin tó bo gọ́tà ńkọ́? Tí ihò rẹ̀ bá na ọ̀nà ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Ẹ̀gbọ́n Òyìngbò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, torí mo rí i pé àwọn kan ń yára kọjá wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú St Jude's ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ní 1867 ni wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere ní Abẹ́òkúta, ohun tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá wá sí Èkó, Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni wọ́n tẹ̀dó sí, inú wọn ni ìjọ yẹn ti jáde. Ní ọdún 1867 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ Cathedral Church of Christ lélẹ̀ ní Marínà. Ẹni tó bá wo méjèèjì láàárọ̀ kan, ìtàn ọdún kan ló wò láti etí omi méjì.

Ilé tó wà ní Marínà báyìí kì í ṣe ti ìgbà yẹn. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, Prince of Wales, ló fi òkúta ìpìlẹ̀ eléyìí lélẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, 1925. Bagan Benjamin ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì di 1946 kí wọ́n tó parí ẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wà, ẹni tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tó sì kú ní 1891. Ibojì Àjẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá ní ohun tó jẹ ẹ́.

St Paul's Breadfruit kò jìnnà, 1852 ni ìjọ náà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sí Holy Cross, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, àwọn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló kọ́ ti ìṣáájú, Lazaro Borges da Silva ni ọ̀gá bíríkìlà, Francisco Nobre ni káfíńtà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà tó ṣì dúró, ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, tó jẹ́ Àgùdà náà, ló kọ́ ọ. Ẹ wo òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ sójú ògiri iwájú rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ni, ọwọ́ àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló sì wà lára rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá débẹ̀ kò tíì wo ṣọ́ọ̀ṣì Èkó tán.

Ẹ má wọ aṣọ kẹ̀kẹ́ tó fún mọ́ra wọ ilé ìsìn kankan. Ẹ ká ìró tàbí ṣòkòtò fífẹ̀ sínú báàgì. Àárín ìsìn méjì ló dáa jù láti wọlé, aago wọn wà lára pátákó ìta. Ẹ kí gétímáànù kẹ́ ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ wọlé, ẹ bi í léèrè ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí, ẹ má kàn fi àgádágodo dè é mọ́ irin ọgbà wọn. Ẹ má sì ya fọ́tò ẹni tó ń gbàdúrà.

Ará Sùúrùlérè

Ṣé a ò lè gba Eko Bridge dípò Carter?

Ará Yábà

Ẹ lè gbà á tó bá jẹ́ Sùúrùlérè lẹ ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sáré pọ̀ lórí ẹ̀, ibi tí ọ̀nà ti ń pínyà sì ṣòro fún kẹ̀kẹ́. Ẹ yà sí Òyìngbò. Ẹ ó fi kìlómítà díẹ̀ kún un, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ti omi náà, ẹ mú ìgò 75 sẹ́ǹtílítà kan dání, ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀ kó tó gbẹ yín. Píọ́ wọ́tà wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í tètè ṣí.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, Òyìngbò

Ohun kan ló kù. Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ Marínà. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi àkísà gbígbẹ nu ṣéènì lọ́jọ́ náà, ẹ kán òróró fẹ́lẹ́ sí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sì nu èyí tó bá kù lójú rẹ̀ kúrò. Ẹ má lo ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, ó nípọn, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa jẹ eyín gíà.